Ẹni Tó Ka Ìwé Náà fún Wọn

Ọdún mọ́kànlá ni Títíladé Ògúnkọ̀yà fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní Ìbàdàn. Wọn kì í ṣe irú lọ́yà tí tọkọtaya ń lọ bá torí ìkọ̀sílẹ̀, tàbí tó ń gba béèlì èèyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni tiwọn. Àwọn ló ń bá wọn forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tó ń kọ ìwé àdéhùn láàárín oníṣòwò àti oníṣòwò, tó ń bá wọn ṣètò ilẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sì pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, ọ̀gá ni wọ́n ń gbèjà. Títíladé kì í ṣe lọ́yà. Akọ̀wé ni. Òun ló ń tẹ ìwé, tó ń to fáìlì, tó sì ń gbé ìwé lọ sí kóòtù.

Nígbà tó lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, kọ́ńpìnnì kan tó ń sin adìẹ ní kí wọ́n bá òun gba ilẹ̀ lẹ́yìn Akínyẹlé. Abúlé ìyá Títíladé ló ni ilẹ̀ náà. Inú ọ̀gá rẹ̀, Bárísítà Fọlájìmí, dùn nígbà tó gbọ́. Òfin ní bí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka síwèé, kí ẹnìkan ka ìwé náà fún un ní èdè rẹ̀, kí òǹkàwé náà sì fọwọ́ sí i pé òun kà á tán, ó sì yé e.

"Ìwọ ni wàá kà á fún wọn," ni Fọlájìmí wí. "Wọn ò ní fura sí ọmọ wọn."

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n lọ. Àgbà mẹ́rin ló ń dúró dè wọ́n nínú kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà. Bàbá Lìádì, ẹ̀gbọ́n ìyá Títíladé, ni olórí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Títíladé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá yìí ló tọ́ ọ dàgbà, owó kòkó rẹ̀ ló sì fi rán an lọ sí pólì.

Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni ìwé náà. Títíladé ka mẹ́jọ àkọ́kọ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń kà á lọ ni ojú ọ̀run ń ṣú. Fọlájìmí wo aago rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Sọ kókó èyí tó kù fún wọn. Ọ̀nà yìí ò ní ṣeé gbà tí òjò bá rọ̀."

Títíladé ṣí ojú ewé kẹsàn-án. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ le. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ odò àti ohun ọ̀gbìn wà níbẹ̀, àmọ́ kò yé òun náà dáadáa. Ó yẹ kó béèrè. Ó tijú àtibéèrè níwájú àwọn àgbà tó ń fi í yangàn.

"Èyí tó kù ò yàtọ̀ sí èyí tí mo ti kà," ló sọ.

"Ṣé kò séwu?" Bàbá Lìádì bi í.

"Kò séwu, Bàbá."

"Ọmọ wa ló kà á," ni Bàbá sọ fún àwọn yòókù, ó sì na àtàǹpàkò rẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ka tán, Títíladé fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òun ka gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ òdìkejì odò nìkan ni àwọn àgbà rò pé àwọn fún kọ́ńpìnnì. Ohun tí ojú ewé kẹsàn-án sọ ni pé odò wà nínú rẹ̀, oko tó wà lápá ìhín náà wà nínú rẹ̀, ìkórè kan ṣoṣo sì ni àwọn àgbẹ̀ ní kí wọ́n tó kúrò. Nígbà tó yá, kọ́ńpìnnì mọ odi yí gbogbo rẹ̀ ká. Katakata wó kòkó Bàbá Lìádì, èyí tí bàbá tirẹ̀ gbìn.

Abúlé gba lọ́yà kan ní Mọ́níyà, wọ́n pẹjọ́. Wọ́n ní wọn ò ka ìwé náà tán fún àwọn. Kóòtù ní kí òǹkàwé wá jẹ́rìí.

Fọlájìmí pe Títíladé sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn.

"Ohun tó o fọwọ́ sí ni wàá sọ. Orúkọ tìrẹ nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ kókó, sà."

"Ibo ni mo kọ ìyẹn sí?"

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Títíladé rí Bàbá Lìádì lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó ti rù. Títíladé búra, ó sì sọ òótọ́: ojú ewé mẹ́jọ péré lòun kà. Àwọn àgbà mí kanlẹ̀. Ó rò pé òun ti tún un ṣe.

Sharon ló dìde láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún kọ́ńpìnnì, lọ́yà kan ní ọ́fíìsì wọn tí òun àti Títíladé jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Ó nawọ́ ìwé náà sí i.

"Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Pé mo ka gbogbo rẹ̀."

"Ṣé ìgbà yẹn lo purọ́, àbí ìsinsìnyí?"



Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, adájọ́ ní kóòtù ò lè gbára lé ẹlẹ́rìí tó ní ẹnu méjì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí ló dúró. Abúlé pàdánù ẹjọ́.

Ó pẹ́ kí Títíladé tó lè lọ síbẹ̀. Ó bá Bàbá Lìádì níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún un láti oko olóko. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Bàbá wí. "Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ jókòó."

Títíladé wẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Títí ni."

"Mo dá yín mọ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?"

"Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

"Kí lẹ ṣe fún mi tí màá fi bú yín? Ìwé lẹ kà."

Ó wọlé, ó bu omi wá fún un, ó sì dúró títí tó fi mu ún tán. Ó gba ife náà. Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó sìn ín dé ibi tí ọ̀kadà máa ń dúró sí. Kò dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ti ọ̀nà tí kò dára, bí wọ́n ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀.