Ọjọ́ Tí Bàbá Ẹ̀yìn Bọ́ Síwájú

"Ẹ bọ́ síwájú, Bàbá. Ọjọ́ yín lòní!"

Alága ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti di kẹ̀kẹ́ bàbá náà mú, ó ń fà á gba àárín èrò kọjá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ẹ̀yìn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, òun ló máa ń kẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, òun ni yóò dúró tì í títí wọn yóò fi délé. Àwọn tó ń sáré níwájú kì í rí i. Àwọn tó rẹ̀ nìkan ló mọ ohùn rẹ̀.

Àṣà ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá ń dá lọ́lá ni yóò ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yà á sílẹ̀. Tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á fún un ní àwo ẹ̀yẹ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

"Ẹ ti ṣe bẹbẹ," ni Alága wí. "Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jókòó sílé kẹ́ ẹ máa jẹ̀gbádùn."

Jókòó sílé kẹ̀? Ilé tí ìyàwó rẹ̀ kú sí, tó jẹ́ pé rédíò ló ń kí i káàárọ̀? Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo máa ń pè láti òkè òkun, "Bàbá, mo wà níbi iṣẹ́ o," kí Bàbá sì tó dáhùn, ọmọ á ti pa fóònù. Sátidé nìkan ló kù tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Alága dùn ún gan-an.

Ó ṣíwájú ṣá. Ọ̀nà ṣófo níwájú rẹ̀, ó sì ń wẹ̀yìn ṣáá.

"Bàbá, ẹ yé wẹ̀yìn, ẹ máa ṣubú!" ni ìyá télọ̀ tó tẹ̀ lé e pariwo. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kẹ́yìn lónìí?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Ẹ̀yìn báwo? Gbogbo wa náà la wà lẹ́yìn yín."

"Mo ní, ta lẹ fi sẹ́yìn?"

Kò sẹ́ni tó rántí fi ẹnì kan sẹ́yìn. Bàbá ti wà níbẹ̀ pẹ́ débi pé wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

"Bàbá! Àwo ń dúró dè yín o!" ni Alága ké.

"Kó dúró."

Ó bá nọ́ọ̀sì kan lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Mo pè wọ́n títí, wọn ò gbọ́."

"Wọn kì í gbọ́, ọmọ mi. Atẹ́gùn iwájú máa ń dini létí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dá ṣéènì padà. Nọ́ọ̀sì ń wò ó.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kẹ́yìn, ta lẹ máa ń bá rìn?"

"Ẹni tó bá rẹ̀ ni."

"Ọjọ́ tí kò bá rẹ ẹnikẹ́ni ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

"Èmi nìkan ni. Má bínú o, nígbà mìíràn mo máa ń gbàdúrà kó rẹ ẹnì kan."

Ojú tì í. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Fóònù Bàbá dún, Alága ni.

"Bàbá, gbogbo èèyàn ti padà dé, wọ́n ti jókòó. Níbo lẹ wà?"

"Mo wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni màá wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi gbé àwo yẹn kọ́ sára ògiri."

Àwọn méjèèjì gun kẹ̀kẹ́, wọ́n rọra ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Bàbá."

"Hẹn, ọmọ mi."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó máa rẹ̀ mí."