Ẹran Iléyá Tó Ń Lọ sí Màídúgùri

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má dá mi lẹ́nu. Ọkọ mi Rájí ò burú, àmọ́ agídí rẹ̀ ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Bó bá ti sọ pé báyìí lòun máa ṣe, ẹ ti wí tẹnu yín.

Màídúgùri la ti pàdé, nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi. Fìlà ló ń ṣe níbẹ̀, àwọn fìlà gíga tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára. Bí ọdún bá ti ń bọ̀, àwọn Alájì á tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, mi ò sì ní ìwé-ẹ̀rí kankan. Nígbà tí mo rí ààyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà, ìlú bàbá mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ẹkún ni mo sun. Mo ní mi ò lè dá lọ, a ò sì tíì bímọ tí n bá gbé dání. Mo ní ọkọ tó bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ á bá a lọ. Rájí ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó tẹ̀ lé mi. Ilé bàbá mi la sì dé sí.

Ọkùnrin nílé àna! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àna ló yẹ kó wá kí wa, kó dọ̀bálẹ̀, ká gbé àga fún un, ká pa adìẹ, kó sì máa lọ sílé rẹ̀. Èyí tó ń jí síbẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni ó máa gbé àga fún un? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ la pè é, pé bó bá ti rí ṣọ́ọ̀bù, a ó kó jáde. Àmọ́ ta ló ń dé irú fìlà bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà? Wọ́n á gbé e wò, wọ́n á ní ó mà dára o, wọ́n á rọra gbé e sílẹ̀.

Bí mo bá ti lọ sílé-ìwé, tí bàbá mi lọ sóko kòkó, tí àwọn ìyàwó ilé lọ sọ́jà, òun nìkan ló máa ń kù nílé pẹ̀lú Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló fún Rájí lórúkọ. Bó bá ti bá a nídìí kànga, á fi yẹ̀yẹ́ kúnlẹ̀: "Ìyàwó wa, ẹ kú omi o!" Rájí á rẹ́rìn-ín. Tó bá wọlé, kò ní jẹun.

Bẹ́ẹ̀, Òṣogbo rèé! Ẹ wọ mọ́tò kan, ẹ kọjá Ìbòkun, ẹ ti débẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Màmá Àpìkẹ́, wà, tó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn. Rájí ní n kò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé òun ti kúrò ní Màídúgùri. "Wọ́n á ní ìyàwó ló fẹ́ mi." Ó ní kí n sọ pé ọ̀hún lòun ṣì wà, tóun ń ṣiṣẹ́, tóun ń fowó ránṣẹ́. Mo ní irọ́ nìyẹn. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló sunkún pé kí n tẹ̀ lé òun?"

Iléyá dé ní oṣù karùn-ún. Ìyàwó ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọdún kọjá láìdé ilé ọkọ, ni mo bá lọ sí Òṣogbo lémi nìkan. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, àmọ́ Màmá Àpìkẹ́ ò fìyẹn pè mí rí. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Fúnmilọ́lá, ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ooru ọ̀hún ò pọ̀ jù fún un? Ta ló wá ń se oúnjẹ fún un báyìí?"

Mo ní, "Ó wà dáadáa, Màmá. Ó ní kí n kí yín."

Nígbà tí mo fẹ́ máa padà, ó gbé ike kan jáde. Ìpín Rájí ni, itan àgbò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa àgbò ló ti gbé e ka orí iná, tó ń yan án, tó ń yí i padà, títí ó fi dúdú tó sì gbẹ. Ó ní, "Bá mi wá ẹni tó ń lọ sí Màídúgùri, kó bá mi gbé e fún un. Kò ní bàjẹ́ lọ́nà." Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Rájí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa ní Iléṣà, ó ń jẹ ẹran Màídúgùri. Ó fi eyín fà á títí. Ó ní, "Ìyá mi ti ń dàgbà o. Wo ẹran tó le bí igi!" Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n já ike náà gbà. Mo ní, "Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ìwọ lo wà ní Màídúgùri." Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá ìka rẹ̀.

Oṣù keje, Yèyé kú. A dúpẹ́, ó dàgbà, ó gbó. Àmọ́ òkú àgbà nílé wa, gbogbo àna ló gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú èèyàn tiwọn. Bándélé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ti ní bọ́ọ̀sì lòun máa fi kó wọn wá láti Ìbàdàn. Bàbá mi náà ti ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Bí ará ilé ọkọ mi ò bá wá, èmi ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá sì wá, àṣírí lè tú.

Rájí ní òun ti rò ó. Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, ó gbé báàgì, ó wọ agbádá tó ti rún kalẹ̀ bí ti ẹni tó sun inú mọ́tò, ó lọ bá wọn ní Òṣogbo, ó ní Màídúgùri lòun ti ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ fò mọ́ ọn, ó gbé omi gbígbóná fún un pé kó fi wẹ ìrìn àjò kúrò lára. Rájí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kò sì lè wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Èmi náà ò jókòó. Mo bẹ àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n ṣe bí ẹni pé Rájí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Háà, ìyàwó wa ti rìnrìn àjò! Ó dáa, mo ti panu mọ́." Ó sì pa á mọ́ lóòótọ́. Bàbá mi nìkan ni mi ò lè sọ fún. Bàbá mi Elisha, olórí kíláàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, tó ti nà mí rí nítorí irọ́ nípa ẹyọ ẹja kan, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Mo ní kò ní ráàyè tiwa. Kí ló fẹ́ dárúkọ Rájí sí nínú òkú ìyá rẹ̀?

A sin Yèyé tán. Àwọn àna ń wọlé sí pálọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Òṣogbo dé, Màmá Àpìkẹ́ ló ṣáájú, ó da ìborùn bo orí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n gbé iṣu, epo àti ewúrẹ́ tí wọ́n mú wá kalẹ̀. Mo ti ń mí kanlẹ̀ pé ó parí. Ni bàbá mi bá dìde.

"Ẹ̀yin ará Òṣogbo," ó ní, "ọpẹ́ tiyín yàtọ̀."

Mo ṣẹ́jú sí i. Mo wúkọ́. Ó rò pé ọ̀fun ló ń hún mi, ó ní kí wọ́n fún mi lómi.

"Láti oṣù kìíní tí ọmọ yín ti ń bá wa gbé inú ilé yìí, òun ló ń gbé ìyá mi jáde sínú oòrùn láràárọ̀, òun ló ń gbé e wọlé. Èmi tí ó bí, oko ni mo wà. Ọwọ́ Rájí ni ìyá mi kú sí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa." Bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọlọ́ṣẹ, àwọn èèyàn ló sáré dì í mú.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Àmọ́ èmi ò mọ̀ pé inú ìyìn ló máa gbà yọ sí wa.

Ìka Màmá Àpìkẹ́ dúró lórí tẹ̀sùbáà. Ó wo Rájí. Rájí ń wo ẹní. Ojú tì mí, ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Màmá rọra ní, "Àlùhámúdùlílàhì. Ọmọ yín náà ni, Bàbá. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ Yèyé." Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni.

Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò. Rájí ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. "Màmá, ẹ dákun. Èmi ni mo ní kó bá mi wá. Ìtìjú ni ò jẹ́ kó wá kí yín."

Kò pariwo. Ó ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Èlùbọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá, tó ti gbé wá kí Rájí lè mú un padà lọ́nà jíjìn. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹran Iléyá yẹn, ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, Màmá."

"Kò le jù?"

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn Rájí, kékeré bí ti ọmọdé: "Kò le, Ìyá mi."

Màmá wọ mọ́tò, ó kó ìró rẹ̀ jọ sórí ẹsẹ̀. Ó wo títì tó lọ sí Òṣogbo, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Torí ọ̀nà tó jìn ni mo ṣe yan án bẹ́ẹ̀. Ká ní mo mọ̀ pé ìtòsí lo wà, tútù ni ǹ bá sè é fún ọ."