Ohun Tó Wà Nínú Ọ̀pá

“Ẹ ṣáà ní kó dìde, sà. Ilẹ̀ tutù.”

Síkírù ló ń bẹ̀bẹ̀, àbúrò bàbá awakọ̀ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì pálọ̀ Bàbá Àkàngbé ní Àgùdà. Sàlíhù lorúkọ awakọ̀ náà. Òun ló fi mọ́tò gbá Ọlọ́runfúnmi ọmọ Bàbá Àkàngbé pa lóṣù tó kọjá. Bí baba olóògbé bá ní kó dìde, ó ti dárí jì í nìyẹn.

Ọrùn ọmọkùnrin náà ni Bàbá Àkàngbé ń wò. Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lórí bọ́tìnì kékeré tó wà lábẹ́ orí ọ̀pá. Lẹ́yìn tí olè fọ́ ilé rẹ̀ ló ra ọ̀pá náà ní Múṣìn, torí idà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Béèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì yẹn, idà ti tú nínú àkọ̀ rẹ̀, ó ku kéèyàn fà á yọ. Mobọ́lá ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àtàǹpàkò náà.

“Dádì, ẹ jẹ́ n bá yín gbé ọ̀pá yẹn sí kọ̀rọ̀.”

“Ta ló ní ó wúwo lọ́wọ́ mi?”

“Omi ló dànù, sà, agbè ò fọ́,” ni Síkírù tún wí.

“Agbè wo ni kò fọ́? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo sin. Àwọn tìẹ ńkọ́, ṣé wọ́n wà nílé?”

Bọ́tìnì dún kẹ́.

Sàlíhù kò mọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ìdí ọ̀pá mú bí ẹni di ẹsẹ̀ baba mú. “Ẹ ṣàánú mi, sà.”

“Jọ̀wọ́ ọ̀pá mi!”

Bàbá fà á. Orí ọ̀pá bá a wá, idà bá a wá. Àkọ̀ kù sọ́wọ́ Sàlíhù.

“Yéè! Idà!” Síkírù ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. “Sàlíhù, dìde, sáré!”

Sàlíhù gbórí sókè, ó rí i. Kò sáré.

“Iṣẹ́ kan wà lọ́rùn mi tí n kò tíì jẹ́, sà. Nínú mọ́tò, nígbà tí mò ń gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù, ó ní kí n pè yín. Ó ń ka nọ́ńbà yín fún mi. Kò kà á tán.”

Bàbá Àkàngbé na idà náà sí Mobọ́lá, ó di apá àga mú, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ jókòó sórí táìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin náà.

“Ibo ló kà á dé?”