Ọ̀rá Tó Wà Lábẹ́ Fáànù

Kọ̀ǹpútà náà tàn, fáànù rẹ̀ yí, ó sì kú. Tauno tún tẹ bọ́tìnnì. Ó tàn, ó yí, ó tún kú. Ìgbà kẹta nìyí. Kọfí tí wọ́n bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì ilé ìdáná ti tutù, yìnyín sì ń rọ̀ lójú fèrèsé.

Henriikka, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Turku, ń wo ojú bàbá rẹ̀ dípò ẹ̀rọ náà.

Òun gan-an kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n to kọ̀ǹpútà kankan. Lóṣù tó kọjá ló fi àwòrán kọ̀ǹpútà inú àpótí dúdú kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ, wọ́n sì ti tò ó tán pátápátá ní ilé iṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣeré orí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, mo kàn máa gbé e délé, kí n tanná sí i ni."

"Ta ló tò ó? Ṣé o mọ̀ ọ́n? Bàbá ẹ ń dáná, ìwọ fẹ́ lọ ra ọbẹ̀ inú agolo!"

"Ó kéré jù fún ọwọ́ yín, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ṣebí ọwọ́ tìẹ á wọ̀ ọ́? Àpótí òfìfo bí irú ẹ̀ ni kí o rà. Àwa la máa tò ó."

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe nítorí eré ni Tauno ṣe takú lọ́tẹ̀ yìí. Láti àsìkò ooru ni nǹkan ti ń yọ́ lọ lórí rẹ̀. Ó gbàgbé orúkọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń wọ sáúnà, yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, ní gbogbo Sátidé fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀nà ilé ara rẹ̀ dà rú mọ́ ọn lójú. Kò sọ fún ẹnì kan, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an. Ó wá bá ara rẹ̀ pinnu pé bí òun bá lè to kọ̀ǹpútà yìí láìṣe àṣìṣe, a jẹ́ pé ọjọ́ orí lásán ni.

Henriikka tú fáànù náà, ó dojú rẹ̀ sókè. Lábẹ́ irin tó yẹ kó fara kan ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé kí ẹni tó fẹ́ lò ó kọ́kọ́ bó o kúrò. Ooru ò rọ́nà jáde, ni ẹ̀rọ náà ṣe ń pa ara rẹ̀.

Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Nígbà tí Tauno ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yìí ní ilé ìkàwé ìlú Kuopio, ohun tó máa ń kọ́kọ́ fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín nìyẹn: "Ẹ bọ́ kóòtù ẹ̀ o, ẹnì kan kì í wọ kóòtù wọ sáúnà!"

"Èmi ni," Henriikka yára sọ. "Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀, Bàbá. Orí mi ò pé láti àárọ̀."

Tauno ló fọwọ́ ara rẹ̀ de fáànù náà. Ìdí ààrò ni ọmọ náà wà nígbà yẹn, tó ń po kọfí. Ọmọ yìí kò sì gba ẹ̀bi rí láyé rẹ̀. Nígbà tó da omi ọsàn sórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ológbò ló di ẹ̀bi náà rù, wọn ò sì ní ológbò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú kí ó fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Kò fẹ́ kí bàbá òun jókòó sídìí tábìlì yìí ni.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ọmọ náà kò gbójú sókè.

"Ọjọ́ ìbí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ pè mí. Gbogbo ẹ̀ náà lẹ kọrin fún mi."

Tauno ronú títí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rántí.