Iṣẹ́ Òòjọ́ Ènìyàn Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin

Ní ọdún 1991, ọ́fíìsì tó ń ṣírò ọrọ̀ ìlú rán Morádéún lọ sí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Olodi-Apapa. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò le: kó bèèrè iye tọ́ọ̀nù ọṣẹ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún àti iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní, kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kó sì máa lọ. Ó ti ń ṣe é bọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí máníjà tó lè purọ́ fún un kó má mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Martins, máníjà ibẹ̀, fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀. "Madam, ọṣẹ tá a ṣe lọ́dún yìí fi ìdajì ju ti èṣí lọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta la ní báyìí. Ẹ kọ ọ́ kó hàn ketekete o!"

Morádéún yẹ ìwé wọn wò fínnífínní. Òótọ́ ni. Ó kọ ọ́.

Bó ṣe ń gba Ajegunle lọ sílé, ó yà sọ́dọ̀ Chinyere, aránṣọ rẹ̀, láti gba bùláòsì tó gbé fún un. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Kò pẹ́ tó fi rí Chinyere tó ń bọ̀ lókèèrè, kẹ́ẹ̀gì omi lórí, òmíràn lọ́wọ́.

"Kànga ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́?"

"My sister, that one don die." Chinyere sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Wá wò ó."

Ó fa omi jáde. Omi náà ń hó bí omi ìfọṣọ, òórùn rẹ̀ sì le. Chinyere ní láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ti ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá ni kànga àdúgbò ti ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lòun ń rìn dé Boundary lọ pọn omi.

"Time wey I for sew gown, na water I dey carry."

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí Morádéún gbádùn. Fọ́ọ̀mù inú báàgì rẹ̀ ń sọ pé ọrọ̀ ìlú ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dunjú ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án nítorí omi.

Sátidé mẹ́rin ni òun àti Chinyere fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kànga mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n wò. Mọ́kàndínlógún ti bàjẹ́. Ìdílé irinwó lé méjìlá ló ń wá omi lọ sọ́nà jíjìn. Morádéún bá àwọn obìnrin tó ń lọ pọn omi rìn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá dá a pín dọ́gba, wákàtí kan àtààbọ̀ ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń lò lórí omi lójúmọ́.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, ó fi há ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ní ọ́fíìsì wọn ní Wharf Road. Àgbàlagbà tí ìṣirò dùn mọ́ ju oúnjẹ lọ ni.

"Morádéún, ta ló ní kó o lọ ka kànga? Ọṣẹ ni mo rán ọ."

"Ẹ má bínú, sà. Ọrọ̀ ìlú lẹ rán mi. Bí àgbẹ̀ bá se èbù iṣu rẹ̀ jẹ, ikùn rẹ̀ á kún lọ́dún yìí. Ṣé a ó wá kọ ọ́ pé ó ti lówó sí i?"

"Ìjọba ò bèèrè òwe. Iye ni wọ́n ń bèèrè."

"Iye ló wà lójú ìwé kejì, sà."

Oyèníran fa ìwé náà mọ́ra, ó mú pẹ́ńsù. Ó sọ irinwó lé méjìlá di ìlọ́po wákàtí kan àtààbọ̀, ó wá fi wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ òòjọ́ pín in. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin," ló wí jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ilé-iṣẹ́ yẹn fún èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta níṣẹ́. Ó sì ń gba iṣẹ́ òòjọ́ èèyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lọ́wọ́ Ajegunle, ojoojúmọ́."

Ọkùnrin náà fi pẹ́ńsù lélẹ̀. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe àròpọ̀ níbí," ló wí níkẹyìn. "Mi ò ṣe ìyọkúrò rí." Ó buwọ́ lu ojú ìwé méjèèjì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Martins sí ìpàdé. Inú bí i. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n ti ilé-iṣẹ́ pa ni?"

"Rárá o," ni Morádéún dáhùn. "Ẹ máa ṣe ọṣẹ yín. Ìdọ̀tí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ má dà sí wa lọ́rùn."

Martins jà, ó jà, ṣùgbọ́n kò rí àṣìṣe kankan nínú iye náà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ gbẹ́ kòtò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tí omi ìdọ̀tí ń sinmi sí, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó jáde. Nígbà tó fi di 1994, kànga mọ́kànlá ti mọ́ padà. Mẹ́jọ ò padà mọ́ rárá, àwọn onílé sì dí wọn pa. Ti Chinyere wà lára àwọn tó mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ́fíìsì fi ojú ìwé kejì kún fọ́ọ̀mù, fún ohun tí ilé-iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ará àdúgbò lọ́wọ́. Wọ́n fi Morádéún ṣe olórí àwọn tó ń kọ ọ́, Ijora ni wọ́n sì kọ́kọ́ rán wọn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyanu, òṣìṣẹ́ tuntun kan, bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀," ni Morádéún wí, ó sì ṣáájú wọn wọ ọkọ̀.