Èwo Ló Wúwo Jù Nínú Méjèèjì?

Ẹ̀gbọ́n mi ló sun àká koríko bàbá wa. Ó fẹ́ fi èéfín lé oyin kúrò nínú ihò igi kan lẹ́yìn àká, iná já mọ́ ọn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ sì gbé e. Nígbà tí bàbá dé, ó ní ta ló ṣe é. Mo sọ ọ́. Bàbá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀, kò fọhùn. Bàbá ní irọ́ ni mo ń pa mọ́ ẹni tó jù mí lọ, àti pé èmi tí mo sun àká ni màá bá òun kọ́ ọ padà. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kàwé débi tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá, mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ọjọ́ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ síta ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ yóò tún jọ sọ̀rọ̀. Mi ò yẹ̀ ẹ́ rí.

Oko bàbá wa la jọ jogún. A sọ ọ́ di ibi tí àwọn ará ìlú ńlá ń wá sinmi sí: wọ́n á fún wàrà, wọ́n á kó ẹyin, wọ́n á sùn sí àwọn yàrá kéékèèké tó kọjú sí adágún ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé fóònù, tó ń gba àlejò. Èmi ni mo ń bójú tó ẹran àti yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ kiri.

“Ìyàwó wa, bá mi sọ fún ọkọ rẹ pé páìpù yàrá kẹta ń jò.”

“Olówó orí mi, ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́. Sọ fún un pé mo ti pe ẹni tó máa tún un ṣe.”

“Akọ̀wé, ẹ gbọ́?” Orúkọ tó sọ mí nìyẹn nígbà tó wọlé wa, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Kò mọ ìdí tí ojú ọkọ rẹ̀ fi ń wálẹ̀ tó bá pè mí bẹ́ẹ̀. Ó rò pé orí kunkun mi nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Ó máa ń ní, “Ọjọ́ tí ọ̀fun bá dùn mí, oko yìí kógbá sílé nìyẹn.”

Obìnrin kan wá dé. Ilé iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá bá wa ló rán an, kó wá wọn bí a ṣe ń tọ́jú àlejò sí, kó sì fi wá wé àwọn oko yòókù. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀. Mo ti rí àwọn aláyẹ̀wò rí: wọ́n á jẹ ẹyin wa, wọ́n á mu wàrà wa, wọ́n á ní “ó dára,” wọ́n á bá tiwọn lọ.

Ti obìnrin yìí yàtọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ dúró sí bí ẹni tó ṣìnà, ó ń wò ó bóyá ẹnì kan máa jáde kí i. Kò sí ibùsùn tí kò dùbúlẹ̀ sí, ó ń wo ohun tí ojú àlejò máa kọ́kọ́ rí tó bá là. Ó fọwọ́ níbi gbogbo tí a ní kí àlejò ti máa fọwọ́. Ó bi mí ìdí tí mo fi kọ́ ilé ewúrẹ́ sí apá ibẹ̀ yẹn. Mo ní afẹ́fẹ́ kì í gbé òórùn wọn lọ sí yàrá. Ó dúpẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a lẹ́yìn yàrá, ó gbé imú sókè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó tún wá gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Ìyá Òṣùwọ̀n, mo sì ń pọ́n ọn lé.

Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, kì í ṣe èmi ni màá sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Àwọn àlejò ti sọ tiwọn. Ó ku tiyín. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láti ẹnu ẹ̀yin méjèèjì.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé kí n máa bá wọn gbé e?”

“Rárá, mà. Àwọn fúnra wọn.”

Ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sórí páálí: ìmọ́tótó, oúnjẹ, ọ̀yàyà, ààbò, òótọ́. Ó ní òótọ́ ni pé ohun tí a ṣèlérí fún àlejò lórí fóònù ló bá nílẹ̀. Méjìméjì ló ń gbé wọn sórí tábìlì. Èwo ló wúwo jù nínú méjèèjì? Ṣé díẹ̀ ló fi jù ú ni, àbí púpọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀yàyà ju oúnjẹ lọ. Ó jọ òótọ́, mo jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Mo ní oúnjẹ ju ìmọ́tótó lọ. Ó ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó kan ìmọ́tótó àti ọ̀yàyà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀yàyà. Nígbà tó ti jẹ́ pé òun ló sọ ọ́, èmi ní ìmọ́tótó, púpọ̀púpọ̀! Ó ní kí wọ́n kọ tèmi.

Ìyá Òṣùwọ̀n wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ ní màlúù tóbi ju ewúrẹ́ lọ. Ẹ ní ewúrẹ́ tóbi ju adìyẹ lọ. Ẹ wá ní adìyẹ tóbi ju màlúù lọ.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. “Adìyẹ ọ̀hún dà, ká lọ fún wàrà ẹ̀!”

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbé mi. Ìṣirò tí mo mọ̀ ni ti kí a ro nǹkan pọ̀, kí a yọ ọ́ kúrò. Mi ò mọ̀ pé èyí tó lè gbọ́ ìjà nínú ọ̀rọ̀ ẹni wà láyé.

“Ta ló ń jà nínú yín?” ni Ìyá Òṣùwọ̀n bi wá.

“Akọ̀wé ni!” Ìyàwó ilé wa ò fi àkókò ṣòfò.

“Mo rí i. Ṣùgbọ́n bàbá yìí náà,” ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, “ẹ ò jà rárá. Ohun tí àbúrò yín bá ti sọ ni ẹ ń gbà, kódà tí kò bá yín lára mu. Ìyẹn náà kì í ṣe ìdáhùn. Kí ni ẹ jẹ wọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí nǹkan kan.

“Ó dáa. Ọ̀sán yìí ni mò ń lọ. Tí mi ò bá rí ìdáhùn tòótọ́ gbà, mi ò ní parọ́ kan fún yín. Oko yín kò ní sí lára àwọn tí mo wọ̀n, àlejò tó yẹ kó wá síbí á sì máa lọ síbòmíràn.” Kò pariwo, kò fi halẹ̀. Ó gbé páálí méjì kalẹ̀, ọ̀yàyà àti òótọ́. “Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, bàbá. Àbúrò yín á dákẹ́.”

Mo ti ń retí ẹnu ọkùnrin yìí láti kékeré, mi ò ní fi ẹnu tèmi dí i lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan páálí kejì. “Òótọ́ ló wúwo.”

“Díẹ̀ ni?”

“Ó ju díẹ̀ lọ.”

“Púpọ̀?”

“Olówó orí mi, kí ló dé?” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ̀ ń làágùn.”

Ẹ̀gbọ́n mi yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí mi. Ó pe orúkọ tí ìyá wa máa ń pè mí. Ó ní, “Iná yẹn. Èmi ni.”

Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn. “Kí lẹ wí? Iná wo?”

Ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́. “Àká bàbá wa. Èmi ni mo sun ún. Bàbá bi wá, àbúrò mi sọ òótọ́, mo sì dákẹ́ kí wọ́n lè mú un kúrò ní ilé ìwé dípò mi.”