Ìyàwó Kékeré Ọlọ́gọ́ta Ọdún

Nígbà tí Àtọ́kẹ́ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ ilé ọkọ, wọ́n rò pé ibà ló ń ṣe é. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún! Nígbà ayé ọkọ rẹ̀ ní Kúdẹtì, òun ni ìyálé ilé. Tó bá húkọ́ lásán, àwọn ìyàwó ilé á ti kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ kú, àwọn ọmọ fọ́n ká, ohùn tirẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbọ́. Àlàájì Àkíbù ará Bẹyẹrunka wá dẹnu kọ ọ́, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

"Ọlọ́run tó mú mi dé ibí," ó ní, "Òun náà ni yóò mú mi dé Bẹyẹrunka."

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò mì rárá, àfi ìgbà tí Muslimat ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Ha, Muslimat! Ẹnu tí kò ní bíréèkì.

"Àtọ́kẹ́, ṣé o ti rò ó dáadáa ṣá? Àwọn ìyàwó ilé pọ̀ ní agboolé yẹn o, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wọlé ni àgbà. Waliyat, ìyàwó àbúrò Àkíbù, àná yìí náà ló jáde ìwé. Ìyálé rẹ nìyẹn."

Àtọ́kẹ́ gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyálé ta ni?"

"Ìyálé tìẹ! Gbogbo ọmọ tó bá sì ti wà nílẹ̀ kí o tó dé, ọkọ rẹ ni wọ́n. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Wàá máa wá orúkọ fún wọn ni: Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé..." Muslimat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àmọ́ Waliyat lóyún. Ó kù díẹ̀ kó bí. Tí o bá tètè wọlé ṣáájú ọmọ yẹn, ó kéré tán, wàá ju ẹnì kan lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àtọ́kẹ́ wọra. Ẹ má dá a lẹ́bi o jàre. Kí ẹni tó ti ń pàṣẹ wá di ẹni tó kéré jù nínú ilé tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ni. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kí ìrun tán, àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Ọlọ́run, mo gbẹ́kẹ̀ lé Ọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá mi dá ọmọ yẹn dúró díẹ̀." Ó yọ Àkíbù lẹ́nu títí ó fi fa ọjọ́ yìgì sún mọ́. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń bá ọmọ inú oyún sáré ìje!

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Àtọ́kẹ́ da ìbòrí funfun bo orí, òun àti Muslimat wọ ọkọ̀ Máíkírà, ó di Bẹyẹrunka. Àwọn ìyàwó ilé ti gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin. Muslimat bọ́ sílẹ̀. Àtọ́kẹ́ na ẹsẹ̀ kan síta, ẹsẹ̀ náà ò tíì kanlẹ̀ nígbà tí igbe sọ nínú ilé.

Waliyat ni. Ọmọ ń bọ̀!

Orin dáwọ́ dúró. Wọ́n ti Waliyat wọ inú Máíkírà láti ilẹ̀kùn kejì, ó ṣubú lé ìyàwó lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan sáré lọ gbé báàgì, ẹnì kan ń wá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Waliyat gbá ọwọ́ Àtọ́kẹ́ mú, kò jẹ́ kó lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Muslimat ń pariwo níta: "Já ọwọ́ ẹ gbà! Sáré fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, kí o tó padà sínú ọkọ̀!"

Àtọ́kẹ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ọwọ́ ọmọdé ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tó bá já ọwọ́ yìí sílẹ̀, irú àgbà wo ló fẹ́ lọ jẹ nínú ilé yẹn? Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

"Dírẹ́bà, ó di ọsibítù Yemetu! Kí lò ń wò? Ṣé o ò rí ìyàwó rí ni?"

Láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lọ, ìyàwó yọrí síta tòun ti ìbòrí, ó ń ké: "Ẹ yà fún wa o, ọmọ ti fẹ́ bọ́!" Àwọn ọlọ́kadà ń yà, wọ́n ń wo irun funfun orí rẹ̀, wọ́n tún ń wá ikùn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ọsibítù, ọmọ náà ò fi nǹkan falẹ̀. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó gbé e lé Àtọ́kẹ́ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ kú oríire. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí ìyá ọmọ ni, àbí bàbá ọmọ?"

Àtọ́kẹ́ tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ọmọ ti dé ayé, òun ò tíì dé ilé. Ó retí kó dun òun, kò dùn ún. Ọmọ náà la ojú kan, ó wò ó bí ìyálé tó fẹ́ rán ni níṣẹ́. Ẹ̀rín gbé Àtọ́kẹ́ lọ.

"Rárá o," ó ní. "Ọkọ mi nìyí."

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ, ó wo ìyàwó, ó wá rọra na ọwọ́ láti gba ọmọ náà padà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Waliyat fọhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyàwó wa ni wọ́n."

Omi dà lójú Àtọ́kẹ́. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé wọn, wọ́n ti ń pè é ní tiwọn. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

"Ọlọ́run," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "mo ní kí O dá a dúró, O ò gbọ́ tèmi. Mo dúpẹ́ pé O ò gbọ́."